Owó Arúgbó: Ẹ̀tọ́ Ni, Kì Í Ṣe Sàárà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá wa ní aláìlágbára, tí Ó fún wa ní agbára, tí Ó sì ń dá wa padà sí àìlágbára nígbà ogbó. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀sìn wa kín ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, nítorí ọ̀ranyàn ni kí ọmọ tó lágbára tọ́jú òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkété tí kò bímọ ńkọ́? Èyí tí ọmú ọmọ rẹ̀ ti gbẹ ńkọ́? Ta ni yóò bọ́ afọ́jú àti arọ tí kò lẹ́nìkan? Báítúl-Màálì, ilé ìṣúra ìlú, ni Ìsìláàmù ní kí ó bọ́ wọn. Nínú àwọn mẹ́jọ tí Súrátù Táobà kà fún sàká, tálákà àti aláìní ló ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wo Khálífà Umar ọmọ Khattab, tó jọba láti 634 sí 644. Abu Yusuf, adájọ́ àgbà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Kitab al-Kharaj pé Umar bá arúgbó afọ́jú kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣagbe. Yéhúdì ni. Umar bi í ohun tó sọ ọ́ di alágbe. Ó ní owó-orí jísíyà, àìní àti ogbó ni. Umar fà á lọ́wọ́ lọ sílé, ó fún un ní nǹkan. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ sí olùtọ́jú Báítúl-Màálì pé kí ó máa bójú tó ọkùnrin náà àti gbogbo irú rẹ̀, nítorí kò tọ́ kí ìlú jẹ èrè ìgbà èwe ènìyàn, kí ó wá pa á tì nígbà ogbó. Ó sì gbé jísíyà kúrò lọ́rùn wọn.

Ohun tí Umar mú jáde nílé, sàárà ni. Ọjọ́ náà ló parí. Èyí tó kọ sí Báítúl-Màálì, ẹ̀tọ́ ni. Òun ló kárí àwọn yòókù.

Khálífà Walid ọmọ Abdul-Malik (705 sí 715) náà fi owó sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara kí wọ́n má baà ṣagbe. Ó fún arọ ní ìránṣẹ́, ó sì fún afọ́jú ní ẹni tí yóò máa fà á lọ́wọ́.

Lóde òní ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin irú owó yìí ní 1972. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san án ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974 fún àwọn aláìní tó ti pé ọmọ ọdún 65, àwọn afọ́jú àti àwọn aláàbọ̀ ara. Ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, owó náà kò dúró. Nítòsí wa, ìjọba Ekiti bẹ̀rẹ̀ sí san ₦5,000 lóṣooṣù fún arúgbó aláìní ní 2011. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún gbé e dìde. Ìjọba lè yí padà, ṣùgbọ́n ebi arúgbó kì í yí padà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́:

1. Ẹ̀tọ́ ni owó yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe ìrègún fún àgbàlagbà.

2. A kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa kí a tó fún un.

3. Owó ìjọba kò gba ọmọ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀ sí òbí.

4. Ẹni tó bá jẹ nínú owó yìí, ẹnu aláìní ló ti já a gbà. Ojú wa ló ṣe ní àdúgbò wa. Ìyá àgbà kan tí kò ríran dáadáa lọ forúkọ sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́. Ọ̀dọ́ tó ń kọ orúkọ ní kí ó kọ́kọ́ yọ nǹkan sílẹ̀. Ìyá tú etí aṣọ rẹ̀. Ó dùn wá jù pé àwa la kọ́ ọmọ náà ní kéwú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé kọ, tí ẹ mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí irú ètò yìí bá dé ìlú yín, ẹ wá arúgbó àti aláàbọ̀ ara tó wà ládùúgbò yín kàn. Ẹ fà wọ́n lọ́wọ́ lọ, ẹ bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ka iye owó náà lé wọn lọ́wọ́ pé, kí ẹ má sì gba kọ́bọ̀.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí ogbó wa di ìyà, kí Ó sì má fi wá ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ̀tọ́ aláìlágbára. Àmín.