BÍ A ṢE Ń SO KỌ̀ǸPÚTÀ MỌ́ SÍTẸ́RIÓ ÀTIJỌ́

 

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ẹrù kan tí ó wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, tí a ti fi aṣọ bò, tí a sì gbé fọ́tò ìgbéyàwó lé lórí. Sítẹ́rió ni mo ń wí. Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé owó Udoji tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975 ni bàálé wọn fi rà á. Ti àwọn mìíràn, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Jámánì ni ẹ̀gbọ́n wọn ti gbé e bọ̀. Sansui, Pioneer, Sanyo, Philips, Grundig, orúkọ wọn pọ̀ lọ jàra. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì já tán, tí abẹ́rẹ́ gíráмафóònù sì kán, a pa á tì.

Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra ẹrù bíbàjẹ́, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá. Owó tí wọn á fún yín, ó lè má tó ra ìgò epo kan. Ẹ má tíì tà á o. Ẹnu tó fi ń jẹun ló bàjẹ́, ìyẹn ibi tí kásẹ́ẹ̀tì àti àwo ń wọ̀. Áńpílífáyà inú rẹ̀ àti sípíkà ńlá méjèèjì lè ṣì wà ní pípé. Kọ̀ǹpútà ọmọ yín ní tirẹ̀, orin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, àmọ́ sípíkà rẹ̀ kéré débi pé ìyá-ìlù máa ń dún níbẹ̀ bí ẹni ń lu agolo mílíìkì. Ọ̀kan ní orin, kò lóhùn. Èkejì lóhùn, kò lórin. Wáyà kan ṣoṣo ló máa so wọ́n pọ̀, tí ẹ ò fi ní háyà ẹ̀rọ nítorí ìsọmọlórúkọ kékeré inú ilé.

Wáyà náà rèé. Orí rẹ̀ kan jẹ́ irin ẹyọ kan tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n ń fi gbọ́ fóònù létí. Mílímítà 3.5 ni ìwọ̀n rẹ̀. Orí kejì pín sí méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun (nígbà mìíràn dúdú ló máa ń jẹ́ dípò funfun). Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò fóònù, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní wáyà AUX sí RCA. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo irin tín-ín-rín yẹn dáadáa: òrùka dúdú méjì ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, ẹ dá a padà. Mítà kan ààbọ̀ tó lò. Ní ti ọ̀rọ̀ ìná, n kò ní kọ́ ẹ̀yin ní bí a ti ń nájà.

Ó yá, ẹ pa sítẹ́rió, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ wá yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ihò róbótó máa ń wà níbẹ̀ ní méjì-méjì, wọ́n sì kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí i lára. Èyí tí wọ́n kọ AUX sí ni ẹ ń wá. Bí kò bá sí AUX, ẹ lo TAPE IN, tàbí TAPE PLAY, tàbí CD, tàbí TUNER pàápàá. Gbogbo wọn ló lè gba ohùn kọ̀ǹpútà. Pupa wọ ihò R, ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn. Funfun wọ L.

Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyí, wọn á wá ní sítẹ́rió ti bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ń kọ àwo nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Iná tí abẹ́rẹ́ ń gbé wá kéré jọjọ, bíi mílífóòtì 5, nítorí náà ẹ̀rọ á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ńlá. Á tún fi kún ohùn ìsàlẹ̀, torí pé wọ́n ti dín in kù nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo. Ti kọ̀ǹpútà lè tó mílífóòtì 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ìlọ́po 100. Ó dà bí ẹni gbé àpò ìrẹsì lé òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà. Ohùn á máa há, á máa ya, etí á sì máa dun yín.

Èyí tó wá burú jù ni ibi tí wáyà sípíkà ti jáde, ibi pupa àti dúdú tí a máa ń tẹ̀ tàbí tí a ń lọ́. Èèwọ̀ ni o! Iná tó ń jáde níbẹ̀ lágbára tó láti ti sípíkà ńlá; bó bá gba inú wáyà wọ kọ̀ǹpútà, ó lè jó o. Ìyá kan wà ní ìsọ̀ aláṣọ, atúnṣe kan ní àdúgbò wọn ló gé orí wáyà, tó lọ́ ọ mọ́ ẹnu sípíkà. Kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọdún àṣejáde kú lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìwé tí ọmọ náà ti ń kọ láti oṣù mélòó kan. Atúnṣe ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èrè ọjà ọjọ́ mélòó ló tó ra kọ̀ǹpútà mìíràn?

Ti àwọn tó ní Grundig tàbí sítẹ́rió Jámánì mìíràn lè yàtọ̀ díẹ̀. Ihò kan ṣoṣo ni ẹ máa rí, pẹ̀lú ihò kéékèèké 5 nínú rẹ̀. DIN ni wọ́n ń pè é. Orí wáyà tirẹ̀ wà lọ́jà, ẹ kàn sọ pé èyí tó ń gbé orin wọlé lẹ fẹ́, kì í ṣe èyí tó ń gbà á sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sì jẹ́ tuntun tí kò ní ihò orin, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò USB, òun ló máa pèsè ihò náà.

Kí ẹ tó tan iná, ẹ wo fóòtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn sítẹ́rió. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, 120 ni wọ́n ń jẹ. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa jó o. Ẹ wá tìráńsífọ́mà fún un. Bí ó bá sì ti pẹ́ tí ẹ ti tàn án gbẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣí i kó gbọn eruku inú rẹ̀. Ẹ má ṣí i fúnra yín, torí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́.

Ẹ yí ohùn sítẹ́rió sódo, kí ẹ yí bọ́tìnì rẹ̀ sí AUX, tàbí orúkọ ihò tí ẹ lò. Ẹ gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè dé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ tẹ orin, kí ẹ wá máa yí ti sítẹ́rió sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wo iwájú rẹ̀ bóyá bọ́tìnì TAPE MONITOR wọlé. Tó bá wọlé, TAPE nìkan ni sítẹ́rió ń gbọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ó bá ń hùn bí oyin, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà. Bí ìhùn náà bá dáwọ́ dúró, ẹ ti mọ ẹni tó ń hùn nìyẹn: ẹ kì í àtòun àti sítẹ́rió bọ orí wáyà iná kan náà, tàbí kí ẹ máa lo bátìrì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dákẹ́, ẹ fi sípíríìtì nu orí wáyà. Kí ọmọ sì pa ohùn tí kọ̀ǹpútà fi ń kéde lẹ́tà tó bá wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa dún pọ̀ọ́n láàárín àdúrà ìsọmọlórúkọ.

Ẹ ó tún rí ihò kan tí wọ́n kọ TAPE OUT sí. Ẹ má kì í bọ ibẹ̀ báyìí, torí orin kì í gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde ni. Òun la máa fi kó ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ti ìpàdé ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kó tó jẹrà. Ẹ̀kọ́ ọ̀tẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì ìpàdé àtijọ́ nílé kó máa wá a sílẹ̀, kó sì nu eruku rẹ̀.