Kíláàsì Kìn-ín-ní Ni Wọ́n Fún Ọ

Mo gbọ́ pé kíláàsì kìn-ín-ní ni ọ̀gá ilé-ìwé yín fún ọ lọ́dún yìí, ọmọ mi, mo sì tún gbọ́ pé láti ọjọ́ náà ni o ti ń fajú ro, tí o ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé wọ́n fi ọ́ wọ́lẹ̀. N kò bá ọ wí. Ó ti pẹ́ tí àṣà burúkú kan ti wà láàárín àwa olùkọ́, pé ẹni tó bá dáńgájíá jù lọ ni wọn yóò fi sí kíláàsì kẹfà nítorí ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí wọn yóò sì mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí ẹni tí iṣẹ́ ti sú, lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké, àfi bí ẹni pé kí ọmọ má ṣáà ti ṣubú lórí bẹ́ǹṣì ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. Ọmọ tí kò rí ibi jókòó sí nínú ọkàn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì kìn-ín-ní, tí ẹ̀rù ìwé sì ti bà á kó tó mọ ohun tí ìwé jẹ́, àtúnṣe ni ẹni tí yóò kọ́ ọ ní kíláàsì kẹfà yóò máa ṣe kiri. Bí èmi ni ọ̀gá rẹ, ibẹ̀ náà ni ǹ bá fi ọ́ sí.

O ní àwọn ọmọ náà pọ̀ jù. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò pé 500,000 lọ́dún tó ṣáájú ya dé lójijì, wọ́n lé ní 800,000. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọn á ní kó gbé ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí òdìkejì. Bí ọwọ́ bá ti ba etí, ó ti tó ilé-ìwé í lọ nìyẹn. Bẹ́ǹṣì kò tó, yàrá kò tó, tíṣà kò tó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ nínú àwọn tíṣà ìgbà náà tètè rí i pé bí ọmọ bá ti pọ̀ tó báyẹn, ẹnu olùkọ́ kan kò lè ká wọn, àfi kí àwọn ọmọ máa kọ́ ara wọn. Ọmọ kì í sì í kọ́ ọmọ tí wọn kò bá tíì mọ ara wọn, tí wọn kò tíì jọ ṣiṣẹ́, tí wọn kò tíì jọ jà kí wọ́n sì parí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ju ìyẹn náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wọlé, má tíì sáré lọ sórí ábídí. Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ bá wí, nítorí orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, ọmọ tí tíṣà bá ń pè ní “ìwọ yẹn” kò ní ohun tó fẹ́ fi dá a lóhùn. Kó wọn jáde sábẹ́ igi, kí wọ́n dúró yí ká, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ara rẹ̀, kí ẹni tó tẹ̀ lé e dárúkọ ẹni ìṣáájú kó tó dá tirẹ̀. Bi wọ́n pẹ̀lú ní oríkì tí ìyá àgbà fi ń pè wọ́n nílé, Àjàní, Àbẹ̀kẹ́, Àyìnká, Àkànkẹ́, nítorí ọmọ tó ń yọ mí lẹ́nu láàárọ̀, tí mo bá ti fi oríkì rẹ̀ pè é, ara rẹ̀ á wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí ọmọ Haúsá tàbí ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Ègùn bá wà níbẹ̀, ní kó pe orúkọ tirẹ̀ fún gbogbo yín bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, kí ìwọ fúnra rẹ sì pè é títí yóò fi dùn mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn náà, ya páálí kéékèèké, kọ orúkọ kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o dà wọ́n sórí tábìlì láràárọ̀, kí ọmọ tó bá dé wá tirẹ̀ rí, kó fi kọ́ sára ògiri. Kí ó tó pẹ́, ẹni tó tètè dé yóò máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá tirẹ̀. Wọn á rí i pé ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Bísí náà ló bẹ̀rẹ̀ ti Bọ́lá, wọn á sì máa bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìwọ kò sì tíì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Bí páálí ẹnì kan bá ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí agogo lù, gbogbo wọn ni yóò mọ̀ pé ó kù ẹnì kan, wọn á sì béèrè rẹ̀.

Ìṣirò ni mo fẹ́ràn jù fún kíkó ọmọ jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń tú wọn ká. Ohun tí o nílò kò ná ọ ní kọ́bọ̀: òkúta wẹ́wẹ́, ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ ayò, bó bá sì di sáà kejì tí àgbálùmọ̀ bá ti gba ìgboro, kóró rẹ̀ yóò wà lápò gbogbo wọn láìjẹ́ pé o sọ fún wọn. Pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òkìtì kan ṣoṣo, má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹnì kan máa tò ó, kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí ẹnì kan máa yọ ọ́ kúrò, kí ẹnì kan máa ṣọ́ àṣìṣe, kí ẹni karùn-ún wá jábọ̀ fún gbogbo kíláàsì. Bó bá dọ̀la, kí wọ́n pààrọ̀ ipò, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń jẹ àáró lóko, tí wọ́n ń bá mi ro tèmi lónìí kí n lè bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Òǹkà Yorùbá tilẹ̀ fẹ́ràn irú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀. Títí dé mẹ́rìnlá, à ń fi kún mẹ́wàá ni. Bó bá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò lára ogún. Ní kí ẹgbẹ́ kan to ogún òkúta, kí wọ́n yọ mẹ́rin, kí wọ́n ka èyí tó kù, kí wọ́n wá pe mẹ́rìndínlógún lẹ́nu ara wọn. Ojú ọmọ á là. Ohun tó ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lọ́jà láti ìgbà tó wà lẹ́yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni o ó ti rí ọmọ kan tó yá ju àwọn yòókù lọ, tí ìdáhùn ti máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ìbéèrè tó parí. Má pa iná rẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fi iná náà jó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni kí o fi ṣọ́ àṣìṣe, kí o sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ìdáhùn, ìbéèrè nìkan ló lè bi ẹni tó ṣì í. Yóò ni ín lára púpọ̀. Kò sí ohun tó ń mú ọmọ olóye mọ iṣẹ́ dénú tó kí ó wá ọ̀nà tí ẹlòmíràn yóò fi rí ohun tí òun ti rí. Kí o sì ní sùúrù fún ẹni tó ń fà, nítorí ìka kò dọ́gba, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì fi ń dimú.

Wọn á jà ṣá. Kóró kan á sọnù, wọn á ní lágbájá ló fi sápò, igbe á ta. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ kó kúrò lẹ́nu. Má ṣe sáré dájọ́. Jẹ́ kí ẹnì kìn-ín-ní rojọ́ tirẹ̀ tán kí ìkejì má dá sí i, kí ìkejì náà rò, kí o wá bi àwọn mẹ́ta tó kù léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó yẹ ní ṣíṣe. Bó ṣe ń lọ láàfin nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́fà sì lè ṣe é ju bí o ṣe rò lọ.

Àlọ́ ńkọ́? Àwọn kan nínú yín ti sọ ọ́ di ohun tí a fi ń lé oorun lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ dára láàárọ̀, kó lè jí ọpọlọ wọn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan forí korí kí wọ́n tó dáhùn, kí ó má jẹ́ ẹni tó lẹ́nu jù lọ ni yóò máa pariwo. Àlọ́ àpagbè ní tirẹ̀ ni oògùn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Mo kọ́ ọmọbìnrin kan rí tó jẹ́ pé, láti ìgbà tó ti wọlé, bí a pè é, ilẹ̀ ni yóò máa wò, tí àwọn tíṣà mìíràn ti ń sọ pé bóyá etí rẹ̀ ló di. N kò pè é mọ́. Mo kàn ń pàlọ́ Ìjàpá, mo ń dá orin rẹ̀, wọ́n ń gbè é, mo sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wọ àárín ohùn àwọn yòókù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè mọ ẹni tó ṣì í. Kí sáà náà tó parí, òun ló ń bá mi dá orin. Bí o bá pàlọ́ tán, jọ̀wọ́, má bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Jẹ́ kí wọ́n fi ṣeré, kí ẹnì kan di Ìjàpá, kí ẹnì kan di Yánníbo ìyàwó rẹ̀, kí àwọn tó kù di ará ìlú. Jẹ́ kí wọ́n yà á sórí sílétì, kí ìwọ sì bá wọn kọ gbólóhùn kan sábẹ́ àwòrán, èyí tí àwọn fúnra wọn sọ lẹ́nu. Ìwé àkọ́kà tí ọmọ ò ní gbàgbé nìyẹn.

Nípa èdè, mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò wá bá ọ ní ẹnu ọ̀nà pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń fẹ́. Dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kí o mọ ohun tí o dúró lé. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn mìíràn gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì fì sẹ́yìn lọ́wọ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ títí yóò fi jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; nígbà tó di 2025, wọ́n ní àwọn ti yí ohùn padà. Ẹnu ìjọba ò sinmi, n kò sì ní kí o bá wọn fa wàhálà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ọmọ márùn-ún bá yí òkìtì òkúta ká, èdè tí wọ́n fi ń tọrọ, tí wọ́n fi ń jiyàn, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, má gbà á lẹ́nu wọn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu owó ìtanràn lé e. Kíláàsì tí ohùn tíṣà nìkan ti ń dún, kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì gbé níbẹ̀.

Iṣẹ́ ilé náà ńkọ́: gbígbálẹ̀, omi pípọn sínú kòrobá, nínu pátákó, agogo lílù? Yí i ká, kó kan ọmọ tí aṣọ rẹ̀ funfun àti èyí tí tirẹ̀ ti ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oúnjẹ. Ní Ọ̀ṣun, wọ́n ṣètò oúnjẹ fún àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé ní 2012, ìjọba àpapọ̀ sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2016 fún kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta. Bí oúnjẹ bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹni tó kàn bu omi fún gbogbo wọn fọwọ́, nítorí ọmọ tó mọwọ́ wẹ̀ ní ń bá àgbà jẹun, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ẹni ìkẹyìn. Ohun kan wà tí mo kórìíra délẹ̀délẹ̀: kí tíṣà jáde, kó ní kí mònítọ̀ máa kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú pátákó. Ọmọ kan di ọlọ́pàá, àwọn yòókù di ọ̀daràn, ẹni tó bá ní súìtì láti fi bẹ mònítọ̀ ni orúkọ rẹ̀ kì í jáde. Bí o bá fẹ́ jáde, fún wọn ní iṣẹ́ tí wọn yóò jọ ṣe, kí wọ́n fi èsì rẹ̀ hàn ọ́ nígbà tí o bá dé.

Bí o bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá wọn wí, òsì tí o ó fi fà wọ́n mọ́ra kò gbọdọ̀ jìnnà. Èyí, mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti kọ́ ọ. Bí ọmọ kan kò bá wá fún ọjọ́ mélòó kan, rán àwọn tó wà ní àdúgbò rẹ̀ lọ kí i. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú sáà, pe ẹnì kan wọlé láti ìlú: káfíńtà tó lè fi òṣùwọ̀n hàn wọ́n, aláṣọ òkè, ìyá tó ń po àdí, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè tó bá wù wọ́n. Àlọ́ tí o mọ̀ kò ní tó ọ lò dé ìparí sáà kìn-ín-ní, mo sọ ọ́ fún ọ. Bó bá tán, máa bọ̀ wá sílé, kí o mú ìwé àti gègé dání, kí o sì wá lọ́sàn-án, nítorí oorun ìrọ̀lẹ́ ti ń yá sí mi lára báyìí.