Ìwádìí Èrò Ará Ìlú àti Ìbò Ààrẹ: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìdìbò Ọdún 2023

Ìfáàrà
Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ìwádìí èrò ará ìlú ṣe ṣeé gbára lé tó láti sọ ẹni tí yóò di ààrẹ. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àwọn tí kò dáhùn àti àwọn tí kò jáde dìbò ni ó sábà ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ di òfo.

Bí ìwádìí èrò ṣe ń ṣiṣẹ́
Ẹni tí ó mọ ẹ̀wà rà kì í wo òkè àpò nìkan. A máa ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí olùwádìí ṣe nígbà tí ó bá ń ṣa ènìyàn díẹ̀ láti dúró fún gbogbo olùdìbò. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest gba èsì tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì, ó ní Landon ni yóò wọlé. Roosevelt ni ó wọlé. Inú àkọsílẹ̀ àwọn onífóònù àti onímọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ. Òkè àpò ni wọ́n wò.

Ìdìbò ọdún 2023 ní Nàìjíríà
Nínú ìwádìí orí fóònù tí àjọ ANAP Foundation àti NOIPolls gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2023, Peter Obi ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, Bola Tinubu ní 13, Atiku Abubakar ní 10. Àwọn tí kò tíì pinnu àti àwọn tí kò fẹ́ sọ tinú wọn ju ìdajì lọ. Lẹ́yìn ìbò ọjọ́ 25 oṣù náà, àjọ INEC kéde Tinubu pẹ̀lú ìbò 8,794,726; Atiku ní 6,984,520; Obi ní 6,101,533.

Ìdí abájọ
Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn tí ó dákẹ́ lórí fóònù kò dákẹ́ níbi àpótí ìbò. Ẹ̀wẹ̀, nínú àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 93 tí ó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 25 péré ni ó dìbò. Ilé-iṣẹ́ Stears ti ṣàkíyèsí èyí ṣáájú: ó ní bí èrò bá pọ̀, Obi ni, bí èrò bá kéré, Tinubu ni.

Àfojúsùn lásán kò sàn jù ìwádìí lọ. Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni Olóyè Bísí Àkàndé, alága fìdí-hẹ́ẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ APC tí Tinubu fi wọlé. Síbẹ̀, Atiku ni ó borí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú 354,366 sí 343,945.

Àgbálọgbábọ̀
Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka àsọtẹ́lẹ̀ sí èsì yóò pe èsì mìíràn ní èrú kí ó tó wo ẹ̀rí kankan. Ìwádìí èrò kò lè fi hàn pé wọ́n yí ìbò, kò sì lè fi hàn pé wọn kò yí i. Ìwé èsì ibùdó ìdìbò àti ilé-ẹjọ́ ni ó ni ìyẹn. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni wọ́n bi? Mélòó ni kò dáhùn? Mélòó ni yóò jáde dìbò?