Ẹ má jẹ́ kí oògùn òwú dé inú kànga

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú, omi tí oògùn kòkòrò ti wọ̀ lè mọ́ lójú, kó sì léwu. Bí a sè é, bí a fi aṣọ sẹ́ ẹ, oògùn náà kò ní kúrò.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ohun olómi kan tó ki bí epo, tí òòfà ń fà. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi, á gba oògùn sára. Òòfà á fà á jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún lò ó. Ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nílé ìwádìí.

Nítorí náà:

1. Ẹ má fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn lẹ́bàá kànga tàbí odò.

2. Bí ike oògùn bá ti ṣófo, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ da omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí ẹ fọ́n ọn sórí òwú.

3. Ẹ dá ike náà lu, kí ẹnikẹ́ni má fi pọn omi.