Ẹ̀KỌ́ 14: ÌWÉ TÍ A FI SÍLẸ̀ NÍLÉ



Lónìí a ó ka ẹ̀kọ́ nípa ìrìnàjò. Púpọ̀ nínú wa ní alùpùpù, èyí tí a ń pè ní mótò. Bí a kò bá ní in, ọmọ wa ní in. À ń gbé e lọ sí oko, à ń gbé e lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ lè dé tí ẹnìkan nínú wa yóò fẹ́ gbé mótò rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun nìkan, kí ó sì sùn ní oru méjì ní ibi tí kò ní ilé. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ oko tuntun ni ó fẹ́ wò. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ fi ojú rí ayé. Báwo ni yóò ṣe múra?

A. Ẹ JẸ́ KÍ A KA ÌTÀN YÌÍ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ọkùnrin Yorùbá kan gba ẹnu àwọn ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni Kúnlé Adéyanjú. Ó gun mótò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, òun nìkan. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ó dé Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 41 ni. Ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì gba Tógò tiwa yìí kọjá. Ó ń fi ìrìn náà wá owó láti bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà.

Èmi gbọ́ ọ, orí mi wú. Mo ní: “Ẹnìkan ti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Èmi kò wá lè ti Atakpamé dé Badou?” Nítòsí Badou ni omi Akloa wà, omi tí ń já bọ́ láti orí àpáta. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 35. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. N kò rí i rí.

Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án, ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo so ẹní mọ́ mótò, mo bu gààrí díẹ̀, mo gbéra ní aago 3 ọ̀sán. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi wà lóko. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, yóò ní kí n má lọ.

Òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣú. Táyà ẹ̀yìn jò. N kò ní pọ́ǹpù, n kò ní ohun tí a fi ń lẹ táyà. Omi wọ inú tẹlifóònù mi, ó kú. Mo ń ti mótò lọ nínú ẹrẹ̀ títí mo fi rí iná kan nínú oko kòkó. Bàbá kan tí kò mọ̀ mí rí ló gbà mí sínú abà rẹ̀. Ó fún mi ní iṣu sísun, mo jẹ, mo sùn.

Èmi sùn o. Ìyá mi kò sùn. Ní òru náà, ó kan ilẹ̀kùn gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń béèrè bóyá wọ́n gbé ẹni tí mótò gbé ṣubú wá. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó padà délé. N kò tilẹ̀ dé ibi omi náà. Ìyá mi kò bú mi. Ó wò mí, ó ní:

“Ọdún méjì ni mo ti ń jókòó ní kíláàsì rẹ lálaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Mo ti mọ ìwé kà. Ìwọ tí ò ń kọ́ wa, o kò lè kọ ìlà mẹ́ta sílẹ̀ fún mi kí n kà?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ìyà òjò lọ, nítorí òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo tún ronú kan Kúnlé Adéyanjú. Òun nìkan ló ń rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ ni ó ń kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ti dé ibi báyìí, òun ń lọ sí ibi báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á. Ẹ ṣé rí i? Kí ènìyàn máa dá rìn kò túmọ̀ sí kí ó máa rìn ní ìkọ̀kọ̀.

B. BÍ A ṢE Ń ṢE ÈTÒ

1. Kọ́kọ́ ṣe ìṣirò.
Láti Atakpamé dé Badou tó nǹkan bíi kìlómítà 90. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 180. Fi 20 kún un fún ìyapa ọ̀nà. Ó di 200.
Mélòó ni mótò rẹ ń mu? Má ṣe méfò. Kún táńkì rẹ, kọ nọ́ńbà tí ó wà níwájú mótò sílẹ̀. Rìn títí yóò fi lé ní 100, kí o tún kún un, kí o wo iye líta tí ó wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ líta 3 fún kìlómítà 100, líta 6 ni 200 yóò mu. Fi líta 2 kún un, nítorí òkè pọ̀ ní ọ̀nà Badou, òkè a sì máa jẹ epo.
Ṣírò àkókò náà. Bí o bá ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan, 90 yóò gbà ọ́ ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15. Bí o bá sinmi, kà á sí wákàtí 3. Oòrùn wa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6. Ẹni tí ó gbéra ní aago 7 òwúrọ̀ yóò dé kí aago 11 tó lù. Èmi tí mo gbéra ní aago 3 ọ̀sán, òru ni mo lọ pàdé.

2. Yẹ mótò wò ní ọjọ́ méjì ṣáájú.
Kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ. Wo táyà méjèèjì, bíréèkì, ṣéènì, òróró ẹ́ńjìnnì, iná iwájú àti iná ẹ̀yìn. Bí ohun kan bá kù, mẹkáníìkì yóò ráyè ṣe é. Mú rọ́bà inú táyà kan, pọ́ǹpù, ohun tí a fi ń lẹ táyà àti sípánà tí ó bá mótò rẹ mu. Kọ́ bí a ti ń tú táyà nílé kí o tó lọ. Ohun èlò tí a kò mọ̀ ọ́n lò, ẹrù lásán ni.

3. Di ẹrù dáadáa.
Ẹrù tí ó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ó sún mọ́ ibi tí o jókòó sí. Bí ó bá wà lókè tàbí ní ìdí mótò pátápátá, iwájú yóò fúyẹ́, ọwọ́ rẹ kò sì ní ràn án. Má jẹ́ kí okùn kankan rọ̀ sọ́dọ̀ táyà tàbí ṣéènì. Nígbà tí o bá ti dì í tán, mi mótò náà. Ohun tí ó bá mì, tún un dì.
Àwọn ohun tí ó yẹ kí o mú nìyí: àgọ́ kékeré tàbí tapólì àti okùn, ẹní, àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ òjò, aṣọ tí ó nípọn, tọ́ọ̀ṣì, àdá, ìṣáná nínú ọ̀rá, omi mímu, gààrí, ẹ̀pà, ìkòkò kékeré, ọṣẹ, aṣọ mímọ́ tí a lè fi di ọgbẹ́, káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé mótò. Má gbàgbé káàdì, nítorí Badou sún mọ́ ààlà Gánà. Fi tẹlifóònù sínú ọ̀rá. Dé akoto, kí o sì di okùn rẹ̀ ní àgbọ̀n. Akoto tí a fi kọ́ ọwọ́ mótò kò lè gba orí ẹnikẹ́ni là.

4. Yan ibùsùn nígbà tí ojú ṣì ń ríran.
Bí o bá dé ìletò kan, lọ kí baálẹ̀ kí o tó so àgọ́. Sọ orúkọ rẹ, ibi tí o ti wá àti ọjọ́ tí o ó lọ. Àlejò tí baálẹ̀ mọ̀, gbogbo ìletò ló ń ṣọ́ ọ. Abéèrè kì í ṣìnà.
Má sùn sábẹ́ igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ. Má sùn nínú ipadò, bí ó tilẹ̀ gbẹ: òjò tí kò rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lè ti rọ̀ lórí òkè. Má sùn nínú koríko gíga, nítorí ejò. Má gbé mótò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí koríko gbígbẹ, nítorí irin èéfín rẹ̀ gbóná, ó lè dá iná sílẹ̀ nínú oko olóko. Bí o bá dá iná, fi omi pa á kí o tó sùn. Má ṣe gbé iná èédú wọ inú àgọ́ láéláé, bí ó ti wù kí òtútù mú tó. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

5. Kọ ìwé, fi í sílẹ̀ nílé.
Tẹlifóònù dára, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń tán, òjò ń pa á, àárín òkè kì í sì í gba ìpè nígbà mìíràn. Ìwé tí a fi sílẹ̀ nílé kì í kú. Èyí ni mo kọ fún ìyá mi nígbà kejì, ní oṣù Kìíní ọdún 2023:

“Ìyá mi, mo ń lọ sí Tomégbé, lẹ́bàá Badou.
Mo gbéra ní ọjọ́ Ẹtì, aago 7 òwúrọ̀.
N ó sùn ní àgbàlá baálẹ̀.
Ní ọjọ́ Àìkú, n ó gba ọ̀nà oko lọ kí Bàbá olóko kòkó. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí.
N ó délé ní aago 2 ọ̀sán.
Bí aago 4 bá lù tí n kò dé, ẹ pe Bàbá. Bí òun náà kò bá rí mi, ẹ pe jàǹdámù: 172.”

D. BÍ Ó ṢE PARÍ

Mo dé Tomégbé. Láti ibẹ̀ ni a ti ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí omi Akloa. Mo rí i. Mo dúró, omi ń ta sí mi lójú, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ra iyọ̀ àti obì fún Bàbá olóko, mo gba ọ̀nà oko. Níbẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ ti yọ̀ mọ́ mi ní táyà. Mo ṣubú, mótò sì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ mi wú, n kò lè fi tẹlẹ̀. Ìpè kò lọ. Ọjọ́ Àìkú ni, kò sí ẹni tí ń lọ sóko. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń mu omi díẹ̀díẹ̀, mo ń wo oòrùn.

Ní aago 4, ìyá mi mú ìwé náà. Ó kà á, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà. Bàbá ní òun kò tíì rí mi. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sí ojú ọ̀nà oko. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́ ìró mótò wọn.

Nígbà tí mo délé, ìwé náà wà lára ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ìyá mi kò gbà kí n já a.

Ẹ. Ọ̀RỌ̀ TÍ A KỌ́
tapólì – ipadò – akoto – ìyapa ọ̀nà – ìkọ̀kọ̀ – àgbàlá

Ẹ. ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan.

F. ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló dé tí olùkọ́ kò sọ fún ìyá rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́?
2. Kí ni ìyá rẹ̀ sọ fún un? Ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀?
3. Kí ló dé tí kò yẹ kí a sùn nínú ipadò tí ó gbẹ?
4. Nínú ìwé kejì, ìlà wo ni ó gba olùkọ́ là?

G. ÌṢIRÒ
Oko kan jìnnà tó kìlómítà 50. Mótò rẹ ń mu líta 3 fún kìlómítà 100. Líta mélòó ni àlọ àti àbọ̀ yóò mu? Fi líta 1 kún un. Eélòó ni ẹ̀ ń ra líta kan ládùúgbò yín? Eélòó ni gbogbo rẹ̀?

GB. IṢẸ́ ILÉ
Ronú nípa ìrìn kan tí o fẹ́ rìn. Kọ ìlà mẹ́fà sílẹ̀: ibi tí ò ń lọ, ìgbà tí o gbéra, ọ̀nà tí o gbà, ibi tí o ó sùn, ìgbà tí o ó padà, ẹni tí wọn yóò pè bí o kò bá dé. Fún ẹnìkan nílé kí ó kà á sókè sí ọ létí. Bí kò bá mọ ìwé kà, mú un wá sí kíláàsì lọ́la. Àyè wà.