Ọ̀rọ̀ Orí Ìlà

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní bàólọ́jì ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Mo ya máàpù èrò (concept map) sórí káádíbọ́ọ̀dù, ó wuyì, gbogbo wọn sì dà á kọ. Nígbà tí ìdánwò dé, wọn ò rántí nǹkan kan. Wọ́n tó 70 nínú kíláàsì. Irú bírò aláwọ̀ wo ni kí n rà kí ó lè wọ̀ wọ́n lórí?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó bírò yín sápò. Ta ló ronú kí máàpù yìí tó di yíyà? Ẹ̀yin ni. Òye yín ló jinlẹ̀ sí i. Àwòrán yíyà nìkan làwọn ọmọ yín rí kọ́.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló rò pé ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni máàpù èrò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1972, Joseph Novak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, Amẹ́ríkà, ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọdé lẹ́nu wò láti mọ bí òye wọn nípa sáyẹ́ǹsì ṣe ń yí padà. Àkọsílẹ̀ náà pọ̀ débi pé wọn ò rí ìdí ọ̀rọ̀ mọ́. Ni wọ́n bá ń to ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ, wọ́n ń fi ìlà so wọ́n pọ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà lórí ọmọ náà. Òye ọmọ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ti olùkọ́.

Wọ́n tún ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìlà kọ̀ọ̀kan láti sọ bí ohun méjì ṣe tan mọ́ra; ọ̀rọ̀ yẹn sì ni ẹ̀mí máàpù. Ẹ kọ òjò, kòkó àti àrùn èso dúdú sójú pátákó, kí ẹ sì jókòó. Àwọn tí ẹbí wọn ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè tàbí Oǹdó kò ní pẹ́ fa ìlà láti òjò sí àrùn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni kí á kọ sórí ìlà náà. Ẹni tó kọ “ló ń fa” gbà pé òjò ni àrùn ti wá. Ẹni tó kọ “ló ń tàn án kiri” ti mọ̀ jù ú lọ, nítorí Phytophthora, ohun abẹ̀mí tí ojú lásán ò lè rí, ló ń sọ èso di dúdú. Òjò ló ń ta á láti èso kan sí òmíràn. Ìlà kan náà, òye méjì. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìlà ṣófo, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó ṣì í lóye?

Bí Gẹ̀ẹ́sì ò bá tètè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orí ìlà ní Yorùbá. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni máàpù èrò. Ní 1990, Peter Okebukola ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) gbé ìwádìí jáde lórí jẹnẹ́tíìsì àti ẹ̀kọ́ àyíká: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lo máàpù èrò ta àwọn yòókù yọ.

Ní ti bí àwọn ọmọ ṣe pọ̀ nínú kíláàsì, ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, ìwé kan fún ẹgbẹ́ kan. Ẹ má fún ẹwà àwòrán ní máàkì. Nínú ìwé tí Novak àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Gowin, kọ ní 1984, ìlà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà gba 1. Èyí tó so ẹ̀ka kan mọ́ ẹ̀ka mìíràn lọ́nà tó mọ́gbọ́n wá gba 10. Kí ẹ tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, ẹ já káádíbọ́ọ̀dù yẹn kúrò lára ògiri, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún dà á kọ.