Ìkánjú Kò Wo Orúnkún Sàn

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ń sanwó fún ẹni tó ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè orúnkún rẹ, tó ní agbára kan ń ti ọwọ́ òun wọ inú eegun. Mi ò ní bú ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dunni lóru kì í jẹ́ ká ronú bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ tẹnu mi kí o tó tún tọwọ́ bàpò.

Reiki ni wọ́n ń pè é. Mikao Usui, ará Japan, ló dá a sílẹ̀ ní 1922. Hawayo Takata ló gbé e dé Hawaii, ibẹ̀ ló gbà wọ Amẹ́ríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú tiwọn, Therapeutic Touch, tí nọ́ọ̀sì kan, Dolores Krieger, gbé kalẹ̀ pẹ̀lú Dora Kunz. Wọ́n ní bí ọwọ́ àwọn bá ti sún mọ́ ara ènìyàn, àwọn á mọ agbára tó yí i ká.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ifẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ló dán wọn wò, Emily Rosa lorúkọ rẹ̀. Ó fi pátákó dí wọn lójú, ó ní kí wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì yọ lábẹ́ rẹ̀. Á gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè ọ̀kan, kí wọ́n sọ èwo ni. Àwọn 21 ló jókòó sí i. Nínú 280 ìgbà, 123 péré ni wọ́n gbà. Ẹni tó kàn ń méfò á gba bí 140. JAMA, ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998.

Mi ò ní ara kì í tuni níbẹ̀. Yàrá tó dákẹ́, ẹni tó fara balẹ̀ ṣìkẹ́ ẹni, ìrora á fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Kèrékèré inú orúnkún tó ti jẹ kò ní torí ìyẹn hù padà.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà ládùúgbò wa tí orúnkún ń dùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun bá a wá ẹni tó ń fi agbára ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ kan orúnkún náà wú, ó ń dán, ó gbóná, ibà sì dé. Àwọn ọmọ tún sanwó sí i. Ìgbà tí wọ́n máa gbé ìyá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọyún ló fi abẹ́rẹ́ fà jáde. Ìyá yè, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ni kò ká mọ́. Ọmọ mi, orúnkún tó wú, tó gbóná, tí ibà bá a rìn, ọjọ́ yẹn náà ni kí o gbé e lọ sí ọsibítù. Má dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìgbéraga náà kì í jẹ́ ká gba ìtọ́jú tó yẹ. Onífísíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ní kí àbúrò bàbá rẹ máa na ẹsẹ̀ láràárọ̀, kó sì mú ọ̀pá. Ó ní ṣé eré ọmọdé lòun wá sanwó fún? Ó ní ọ̀pá á sọ òun di arúgbó. Ìgbà tó ṣubú lójú àgbo ìnáwó ló tó mú un. Ọwọ́ òsì ló fi ń mú un, torí orúnkún ọ̀tún ló ń dùn ún. Bí wọ́n ṣe ń mú un nìyẹn.

Iṣan iwájú itan ló ń gbé orúnkún ró. Jókòó sórí àga, na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, dì í mú díẹ̀, kí o rọra gbé e sílẹ̀. Ṣe èkejì. Má retí ìyàtọ̀ lọ́sẹ̀ yìí; oṣù ni wọ́n ń fi kà á. Bí o bá sanra, dín oúnjẹ alẹ́ kù: kílò 1 tó bá kúrò lára ń gbé bíi 4 kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Má máa gbé oògùn apàrora jẹ bí ẹ̀pà, pàápàá bí inú bá ti ń ta ọ́. Lọ rí onífísíò lọ́la. Bí o bá ṣì fẹ́ kí ẹni yẹn tẹ́wọ́ sí ọ lẹ́yìn ìyẹn, owó rẹ ni, n kò ní dá ọ dúró.